Pọ́ǹpù Méjì, Ẹnu Táńkì Kan

Ní Ìtòkú, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kò sẹ́ni tí í béèrè ìdí tí omi ẹ̀rọ kò fi wá mọ́. Fèrè ọkọ̀ omi ni gbogbo àdúgbò ń tẹ́tí sí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, àwọn aláró a gbé àgbá wọn síta, àwọn ìyálé ilé a to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà, ariwo a sì sọ.

Ìdí nìyẹn tí Sàlàhúdíìnì fi pa òwò aṣọ tì, tó ra fáànù akẹ́rù kan, tó sì gbé táńkì ńlá lé e lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ èèyàn ni, kì í purọ́. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tuntun kì í jẹ́ kó gbọ́ràn. Bó bá ra bàtà tuntun, kò ní fẹ́ kí eruku kàn án. Táńkì tuntun wá ńkọ́? Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i lára.

Pọ́ǹpù méjì ló rà mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí ọ̀kan máa fa omi sí àgbá àwọn aláró, kí èkejì máa fa omi mímu sínú ilé, kí iṣẹ́ lè yá. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí Ṣàpọ́n, lọ́dọ̀ Fábáyọ̀, àgbà oníṣẹ́ páìpù tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Fábáyọ̀ rìn yí táńkì náà ká.

"Sàlàhú, ihò kan ṣoṣo ni táńkì yìí ní nísàlẹ̀. Jẹ́ n lu èkejì sí i, kí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, táńkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ṣáà fi tíì, páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn, pín ojú páìpù kan náà sí méjì."

"Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ bí omi bá ń lọ sílẹ̀ nínú táńkì, pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ yóò máa wá omi kiri. Bí kò bá rí i tó lẹ́nu táńkì, yóò fà á gba inú rọ́bà ìkejì rẹ̀. Ó kéré tán, jẹ́ ká fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí ojú méjèèjì."

Sàlàhúdíìnì rẹ́rìn-ín. "Omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe májèlé. Bí omi bá fa omi, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Omi ò lọ́tàá."

Fábáyọ̀ mirí, àmọ́ ó ṣe é bí ẹni tó gbéṣẹ́ wá ṣe fẹ́ ẹ. Òun náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é.

Oṣù méjì kọjá, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ èèyàn rí: ohun tí kò tíì ṣe wá, a máa ń rò pé kò lè ṣe wá ni.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Àláájà Ummulkulthum, ìyá Sàlàhúdíìnì, ń gbààwẹ̀ bó ṣe máa ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ràhámátù, ìyàwó Sàlàhúdíìnì, wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń po kọ́sítíkì tí yóò fi se aró. Funfun bí iyọ̀ ni kọ́sítíkì, àmọ́ bó bá ti yòrò tán, omi lásán ló máa ń jọ. Bó bá sì kan èèyàn lára, a máa bó awọ.

Gbogbo aláró ló mọ̀ pé bí omi bá já lu kọ́sítíkì láti òkè, yóò ta síni lójú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń ki ẹnu rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ àgbá, kí omi lè máa wọlé jẹ́jẹ́. Ìyá tó bí Ràhámátù ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti kọ́ ẹlòmíì.

"Bàbá Yasir, ó tó, ẹ pa á," ni Ràhámátù ké sí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

Sàlàhúdíìnì, tó gbé ọkọ̀ omi rẹ̀ wá sílé láti bu omi fún wọn, pa pọ́ǹpù àwọn aláró. Kò yọ rọ́bà rẹ̀ kúrò nínú àgbá, torí ó rò pé òun ṣì máa fi omi díẹ̀ kún un. Ó tan pọ́ǹpù kejì, ó ń rọ omi sí àwọn kẹ́ẹ̀gì inú ilé. Omi táńkì ti ń tán lọ. Kẹ́ẹ̀gì tó kù gbẹ̀yìn ni ti yàrá ìyá rẹ̀.

"Bàbá Yasir, ṣé àgbá yìí ń jò ni? Omi inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ o."

"Àgbá wo ló ń jò? Ojú ẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ràhámátù wo ìdí àgbá, ó rí i pé ilẹ̀ gbẹ. Ó gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgíríbì, Àláájà bu omi kún ife láti inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ látàárọ̀ nínú irú ooru yẹn kì í tọ́ omi wò kó tó mu ún. Ó ní, "Bísímílà," ó sì dà á sọ́nà ọ̀fun.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sàlàhú, omi yìí ń jó mi."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn tó já geere nìyẹn. Ètè rẹ̀ wú, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè gbé e mì. Ràhámátù sáré gbé epo pupa, nítorí ohun tí wọ́n ti fi kọ́ gbogbo wa láti kékeré ni pé epo ń pa oró. Wọ́n rọ ọ́ sí màmá lẹ́nu, màmá sì bì. Inú wọn dùn pé ó bì. Ó dùn mí láti sọ ọ́, inú wọn dùn gan-an.

Ní ọsibítù, dókítà kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn.

"Ohun tí màmá gbé mì ti bó ọ̀nà ọ̀fun wọn. Nígbà tí ẹ mú wọn bì, ó tún gba ibẹ̀ kọjá, ó bó o lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni wọ́n mu?"

"Omi ni," ni Sàlàhúdíìnì wí. "Omi tí èmi fúnra mi gbé wá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wolé-wolé kan tó ń jẹ́ Tóyìn wá sílé wọn. Ó ki wọn kú ìrọ́jú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ti ìka bọ omi inú kẹ́ẹ̀gì Àláájà. Omi náà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó yẹ àgbá Ràhámátù wò, ó wo rọ́bà tó ṣì wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táńkì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i," ló wí.

Ó ní kí wọ́n bu omi díẹ̀ sínú táńkì. Ó ki rọ́bà pọ́ǹpù àwọn aláró sínú korobá tí wọ́n bu aró kún. Ó ní kí Sàlàhúdíìnì tan pọ́ǹpù yẹn díẹ̀, kó pa á, kó wá tan èkejì. Omi tó mọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di aró. Nígbà tí wọ́n wo korobá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Ojú páìpù kan kò tó pọ́ǹpù yìí mọ́ nígbà tí táńkì ń gbẹ," ni Tóyìn ṣàlàyé. "Ó wá omi lọ síbi tó ti lè rí i. Inú àgbá ìyàwó yín ló ti rí i."

Sàlàhúdíìnì na ọwọ́, ó pa pọ́ǹpù náà.

"Mo sọ fún yín pé àgbá lọ sílẹ̀," ni Ràhámátù wí. Kò pariwo. Ìbá sàn fún ọkọ rẹ̀ ká ní ó pariwo.

Fábáyọ̀ náà wá sí ọsibítù. "Mo sọ fún ọ," ló wí, "àmọ́ ọwọ́ mi yìí ló so ó. Ǹ bá ti kọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Àláájà lò lórí ibùsùn. Ojú iṣan ni wọ́n ti ń fa omi sí i lára. Lójoojúmọ́ ló ń fọwọ́ júwe ẹnu rẹ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, lójoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì sì ń ní kí wọ́n má fún un. Ọmọ tó ń bomi fún gbogbo Ìtòkú jókòó ti ìyá rẹ̀, kò lè fún un ní ẹ̀kán omi kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ta omi, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí pọ́ǹpù yín bá jẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀ lára táńkì, kó sì ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Èyí tó dára jù ni pé kí ọkọ̀ tó ń gbé omi mímu má bá aláró, afọkọ̀ tàbí ẹni tó ń fín oògùn sóko kókó ṣe pọ̀ rárá. Ẹ̀yin oníṣẹ́ páìpù, bí ẹni tó gbéṣẹ́ wá bá ní kí ẹ ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé kò dára, ẹ dá ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ẹ̀yin aláró, ẹ kọ́kọ́ bu omi sí àgbá, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa da kọ́sítíkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa jẹ́ kí ẹnu rọ́bà ga ju omi àgbá lọ nígbà gbogbo, ẹ má ki í bọ inú omi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé kọ́sítíkì mì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má mú un bì. Ẹ jẹ́ kó fi omi tó mọ́ yọ ẹnu, kó tu ú dà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí à ń ra omi ńkọ́? Ẹ bi olómi yín ohun tí táńkì àti pọ́ǹpù rẹ̀ tún ń ṣe yàtọ̀ sí omi mímu. Bó bá bínú, ẹ tún bi í. Ẹ bi í kí ẹ tó mu, nítorí ẹni tó ti gbé e mì kò ní ọ̀fun tí yóò fi béèrè mọ́.