Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ẹní Í Lù

Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ibi tí o kò ti lè jà mọ́, kí ni wàá ṣe?

Nínú júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí wọ́n bá di apá rẹ̀ mú tí kò lè bọ́, yóò fi ọwọ́ kejì lu ẹní ìjàkadì, tàbí ara ẹni tó mú un, láti fi hàn pé apá òun kò ká a mọ́. Onítọ̀hún á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ lánàá mọ òfin yìí.

Rimma Dolgova, ajàjúdò kan, ọmọ ìlú Chelyabinsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò lu ẹní rí. Olùkọ́ wọn, Arkadi Lvovich, máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lu ẹní, kó lọ máa hun ìbọ̀sẹ̀. Rimma á ní, "Ọwọ́ tèmi ò mọ̀ ọ́n lù." Inú olùkọ́ á dùn.

Nígbà tí ó di ẹni ogún ọdún, wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo sínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ku òun àti Faina, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Rimma ká apá Faina mọ́lẹ̀. Faina lu ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú adájọ́ kò tó. Rimma mọ̀ ọ́n lára. Kò tú u sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ Faina ró bí igi gbígbẹ tó kán.

"Mi ò mọ̀ pé o lù mí," ni Rimma wí. Gbogbo wọn gbà á gbọ́.

Ó gba mẹ́dàlì ní Kazan, ó gbà á ní Budapest. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá fi kọ́ ọ lọ́rùn, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rántí ọwọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún méje, obìnrin kan di apá tirẹ̀ náà mú nínú ìdíje. Ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Kò ṣe é, apá náà sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ mẹ́ta, síbẹ̀ apá náà kò nà mọ́. Ikọ̀ yan ẹlòmíràn. Rimma ń mu ọtí fódíkà láàárọ̀ nínú ife tíì, kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀. Wọ́n mọ̀. Lásìkò òtútù ọdún yẹn ni Arkadi Lvovich kú. Kí ó tó kú, wọ́n bi í bóyá kí wọ́n pe oníwàásù. Ó kọ ojú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Faina kan ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ìkòkò ọbẹ̀.

"Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Tó bá jẹ́ ẹ̀sín ni, mi ò ní gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹsàn-án. Gba ìkòkò yìí jàre, apá kan ni mo ní."

"Apá kan lèmi náà ní."

"Ó dáa. A ti pé èèyàn kan nìyẹn."

Wọ́n jẹun nínú ilé ìdáná. Faina ní, "Rimma, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lù ọ́. Mo sì mọ̀ pé o mọ̀."

Rimma gbé ṣíbí sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbàdúrà kí apá tìẹ náà kán. Ìkórìíra yẹn fẹ́ pa mí. Ìgbà tí mo sọ fún Jésù pé apá mi ò ká a mọ́ ló tú mi sílẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́. Ó ku ìwọ àti Òun."

"Ó ti pẹ́ jù."

"Ó ti pẹ́ fún mẹ́dàlì. Ó ti pẹ́ fún apá àwa méjèèjì. Èmi ò sọ ti ìyẹn."

Rimma dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná náà. Ó fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Olúwa," ó ní, "mo mọ̀ pé ó lù mí."

Apá rẹ̀ kò nà. Nígbà tí ó kọ̀wé jẹ́wọ́ fún àwọn aláṣẹ júdò, ńṣe ni wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn wọn. Òùngbẹ ọtí ṣì ń bá a jà láràárọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kúrò: ọwọ́ tó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni o dì mú tí o kò tú sílẹ̀? Kí ni o sọ pé o kò mọ̀, tí o sì mọ̀? Arkadi Lvovich rò pé òun kò ní í lu ẹní láé, kò sì lù ú. Ọwọ́ tó ti tutù kò lè lu nǹkan kan mọ́. Tìrẹ ṣì gbóná. Ilẹ̀ ibi tí o jókòó sí yẹn tó. Jésù ń dúró. Lu ilẹ̀ náà lónìí.