Fèrè Idẹ Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Àpótí náà wà níbẹ̀. Ó wà ní títì. Fèrè inú rẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ràímì, ọ̀gá àwọn gáàdì tó ń ṣọ́ ìlú Adja-Ouèrè, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wo inú àpótí irin náà lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé fèrè idẹ tó gùn tó apá ọmọdé lè sá pa mọ́ sábẹ́ àkísà. Ọjọ́rú ni. Kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ti ránṣẹ́ láti Pobè pé òun fẹ́ rí fèrè náà kó tó di Sátidé. Inú ń bí Ràímì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹjọ́ ewúrẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹjọ́ fèrè.

"Bàbá Fábíyì, ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Àná, láàárọ̀. Mo nù ún, mo tì í, mo lọ oko. Ìyábùnmi lọ ọjà. Òwúrọ̀ yìí ni mo tún ṣí i."

Ọdún méjìlélógún ni Fábíyì fi wa ọkọ̀ ojú irin eléèéfín láti Porto-Novo dé Pobè, kí àwọn ọkọ̀ tó ń mu epo tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún, lọ sí ilẹ̀ Faransé, sí ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí kí aráyé máa wá wò wọ́n. Lọ́dún 1957 yìí, wọ́n mú bàbá náà wọ ọkọ̀ òkun lọ wò ó. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló dé, ó sì gbé ògbólógbòó fèrè ẹ̀rọ náà bọ̀. Ní Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin. Fábíyì ti tẹ̀ka síwèé fún un.

"Bí ẹ ò bá rí i ńkọ́?" Ìyábùnmi, ìyàwó rẹ̀, ló béèrè.

"Kòmándà ní bàbá ló tà á. Ó ní ẹ̀wọ̀n ni."

Ìyábùnmi káwọ́ lérí.

Ràímì wo ojú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà. Kì í ṣe irú ti ọjà. Onígun mẹ́rin ni, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fi ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan yọ ọ́. Ẹni tó wá ní kọ́kọ́rọ́, ó sì tún fara balẹ̀ tì í padà. Olè wo ló ń ti àpótí lẹ́yìn tó jalè tán?

"Ta ló ní irú kọ́kọ́rọ́ yìí?"

"Èmi. Marcellin, akọ̀wé ibùdókọ̀. Àti Ògúnjọbí, tó máa ń koná fún mi."

"Ṣé ẹ̀yin àti Ògúnjọbí ṣì ń sọ̀rọ̀?"

Fábíyì wolẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi lọ sí Faransé tí wọ́n fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tì mí. Mi ò tíì lọ kí i."

Òkè alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ìlú ń tọ́ka sí, nítorí ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé idẹ yẹn ì bá dára fún ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ràímì tú ilé arọ́ rẹ̀ wò, ọkọ́ àti àdá ló bá níbẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀fù," ni Òkè wí, ẹ̀rín ń pa á, "òòlù ni mo ní, mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé ẹ ó tún bá àpótí nílẹ̀?"

Òótọ́ ni. Ìyẹn ló tún dun Ràímì jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Marcellin ní ibùdókọ̀. Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ dìde.

"Èmi tí mo gbọ́ Faransé, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n mú àgbàlagbà tí ò mọ̀wé. Ó tún dé lọ́jọ́ Àìkú, ó ń yangàn nídìí ẹmu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní wọ́n tẹ́ ẹ̀rọ òun sínú ilé ńlá, wọ́n fi òróró pa á lára, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní àwọn òyìnbó ń rọra yí i ká, wọ́n ń ṣí fìlà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ògúnjọbí nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé igbá ẹmu sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ."

"Níbo lo wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Porto-Novo, láti ọjọ́ Ajé. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín."

Ràímì bi èèyàn mẹ́rin. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́rìí sí i. Ó sì ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ Marcellin!

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé Ògúnjọbí lẹ́bàá Kpoulou. Táyà jò lójú ọ̀nà. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà débẹ̀, òógùn bò ó.

Ògúnjọbí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bàbá. Ta ló ṣaláìsí?"

"Ẹbí mi kan ni. Ìlú òkèèrè ló kú sí."

"Kọ́kọ́rọ́ ojú irin yín ńkọ́?"

Bàbá náà tú u ní ìdí, ó nà án sí i. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ọkọ́ kan fara ti ògiri, erùpẹ̀ pupa tuntun wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbin nǹkan ni?"

"Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí?"

Ràímì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà Ikpinlè padà, ó ń bínú sí ara rẹ̀. Ní ọjà ibẹ̀, Rùkáyátù aláṣọ pè é.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnjọbí lẹ ti ń bọ̀? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ra aṣọ funfun lọ́wọ́ mi, ó ní aṣọ òkú ni. Ìgbọ̀nwọ́ méjì péré! Mo ní, Bàbá, òkú wo ló kéré tó báyìí?"

Ràímì dúró gbagidi. Bí èèyàn bá kú sí òkèèrè, tí ọ̀nà jìn ju kí wọ́n gbé òkú bọ̀, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wálé. Wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á sì sin ín bí ẹni sin olúwa rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá olè!

Ó lọ mú Fábíyì, àwọn méjèèjì padà sí Kpoulou. Lẹ́yìn ilé Ògúnjọbí, lójúbọ Ògún, wọ́n rí òkìtì kékeré kan nídìí pèrègún. Epo pupa ṣì wà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jí fèrè náà."

"Mi ò jí i. Mo sin ín." Ògúnjọbí dúró síwájú òkìtì náà. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi bọ́ ọ. Èmi ni mo mọ ìgbà tí ebi ń pa á. Ó kú sílẹ̀ àjèjì, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n ṣí fìlà fún un, wọ́n yọ ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé bí irun òun èékánná. Ẹ wá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri! Ẹnikẹ́ni ò fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Mo wá nígbà tí ilé dá, mo ṣí i, mo sì tì í padà, nítorí èmi kì í ṣe olè."

"Ẹ hú u jáde."

"Ta ní í hú òkú? Ẹ mú mi lọ sẹ́wọ̀n."

Ràímì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ti mọ ẹni tó gbé e, ó ti mọ ibi tó wà, kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Fábíyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ògúnjọbí, ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

"Ìwọ ni. O ní ó dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ọjọ́ tí mo débẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n koná sí i, wọ́n ní kí n gùn ún. Fèrè yìí ló là, wọ́n ti fi òmíràn sí i. Ó ké! Ó lọ, ó bọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kí n ní, 'Ògúnjọbí, koná mọ́ ọn.' Ọmọ òyìnbó kan ni mo rí. Mo bú sẹ́kún. Ìyẹn ò ṣeé sọ nídìí ẹmu."

Ògúnjọbí lanu, kò lè pa á dé. "Ó ṣì ń mí?"

"Ó ṣì ń mí."

"Yéè! Mo sin alààyè! Ògún, má bínú sí mi!" Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wú ilẹ̀, erùpẹ̀ ń ta sí Ràímì lára. Fèrè náà jáde nínú aṣọ funfun. Ó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ nù ún, ó gbá a mọ́ àyà.

"Kí ni màá wá kọ fún kòmándà?" ni Ràímì ń kùn.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó sọnù, ẹ sì rí i," Fábíyì dá a lóhùn.

Ògúnjọbí fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Irun mi ńkọ́?"

"Á hù."

Ràímì nawọ́ gba fèrè. Oòrùn ti ń wọ̀, Pobè sì jìn, táyà rẹ̀ ò sì gbáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù." Ó yíjú sí Fábíyì. "Ọmọ òyìnbó yẹn, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń koná?"

"Kò mọ̀ ọ́n rárá. Èéfín dúdú ló ń tú."

Ògúnjọbí bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì gbé fèrè náà lé ọwọ́ Fábíyì.