Ẹsẹ̀ Ehoro Ìyá Láwàlì

Sàfúrátù jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ó ń fi ìko di àdìrẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára aṣọ. Ehoro rẹ̀ tó ń pè ní Funfun ló ń wò. Láti àárọ̀ ló ti ká jọ sí igun àgò, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń fì dirodiro. Kò jẹ koríko, kò sì mu omi.

Láti ìgbà tí Láwàlì ọmọ wọn ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ehoro yìí ni Sàfúrátù ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ wà nílé o, ṣùgbọ́n rédíò ni Mọ́ṣúdù ń gbọ́.

Lálẹ́ àná ló rí i pé ẹsẹ̀ náà ti wú. Ó fi òrí ra á, ó wá fi òwú dì í pinpin, bí ó ṣe máa ń di aṣọ tó fẹ́ kó sínú aró.

"Ta ló nà án?" Mọ́ṣúdù béèrè bó ṣe jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kò sẹ́ni tó nà án, Bàbá Láwàlì. Mo kàn gbé e kúrò nínú àgò kí n lè gbá ibẹ̀ ni."

"Kò sẹ́ni tó nà án, ẹsẹ̀ wá wú báyìí? Jẹ́ kí n dúńbú rẹ̀ kó tó di òkú ǹbete."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ó ń jẹ̀rora, Sàfúrátù. Ìkà ni ká máa wò ó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹun títí ìrọ̀lẹ́, màá pa á."

Omi bọ́ lójú Sàfúrátù. Ó rántí oníbàárà rẹ̀ kan, Dókítà Beatrice Olúbọ̀dé, tó ń tọ́jú ẹranko. Ó tẹ́ àkísà rírọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé Funfun sí i, ó kọrí sọ́dọ̀ dókítà náà. Mọ́ṣúdù tẹ̀ lé e. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà ẹranko ń wo ohun tí kò tó màlúù.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gé òwú náà kúrò.

"Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi wé èkejì."

Àwọn méjèèjì fọwọ́ kàn án. Ó tutù.

"Kí ló mú kó tutù?" Mọ́ṣúdù béèrè.

"Ìyá Láwàlì, bí ẹ bá di aṣọ, kí lẹ fẹ́ níbi tí okùn wà?"

"Kí aró má lè wọ ibẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ náà kò rí ibẹ̀ kọjá nìyẹn. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á kú."

Sàfúrátù wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo Ìtòkú ló ń yìn ín pé ó mọ aṣọ dì, kò sì ronú pé ọwọ́ náà lè pa nǹkan lára.

"Báwo lẹ ṣe máa ń gbé e?" dókítà béèrè.

"Etí ni mo fi gbé e lánàá, bí wọ́n ti ń gbé e lọ́jà Owódé. Ó ń ta ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ wá ha sáàárín igi àgò."

"Ibẹ̀ ló ti kán. Eegun ehoro fẹ́lẹ́, itan rẹ̀ sì lágbára. Bó bá ń jà lọ́wọ́ ẹni, ó lè kán ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ lè kán ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí kò ké?" Mọ́ṣúdù tún béèrè. "Ká ní ewúrẹ́ ni, wọn ì bá gbọ́ ọ ní Láfẹ́nwá."

"Ehoro kì í sábà ké, Bàbá. Ó ń fi ìrora pamọ́ kí ẹranko tó ń pa á jẹ má bàa mọ̀ pé kò lágbára."

"Ṣé ó máa san?" Sàfúrátù béèrè.

"Mi ò lè ṣèlérí. Bí ẹsẹ̀ yìí bá gbóná padà, a ó tò ó. Bí kò bá gbóná, a ó gé e, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ń yè."

Wọ́n dúró. Sàfúrátù kò lè wò ó. Mọ́ṣúdù tó fẹ́ dúńbú ehoro ló mú ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, kò sì fi í sílẹ̀.

"Sàfúrátù," ó ní, "ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ehoro, ẹ gbọ́ o. Bí tiyín bá ń tiro, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó ká jọ sí igun tàbí tó ń payín keke, ó lè ti ṣèṣe lẹ́sẹ̀. Ẹ má ra á, ẹ má dì í, ẹ má sì fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí tiwa. Inú àpótí kékeré tó ní koríko gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi í sí, níbi tí ajá kò lè dé. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ìtòsí ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bí kò bá jẹun. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí, ẹ má fi etí gbé e.

Kò ní ké pè yín. Ojú yín ló ń dúró dè.