Súìṣì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà tó wà ní Ṣọ́ọ̀bù Súlìyát

"Bọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ̀yìn ló ń yí! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n mí."

"Ẹ ti ń mí látàárọ̀. Ẹ̀rọ mi ni ò mí."

Súlìyát nìyẹn, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi l'Ónítṣà. Mi ò kàwé púpọ̀, ọwọ́ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ iná. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá wo ọwọ́ Súlìyát.

Mọ́tò bátìrì kan ló ń lò fún ẹ̀rọ méjì. Èyí tó fi ń ránṣọ gbọ́dọ̀ yí síwájú, èyí tó fi ń wíìfù etí aṣọ kó má bàa tú ń yí sẹ́yìn. Súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ rà ò lè ṣe é. Wáyà kan ló ń pààrọ̀, méjèèjì ló sì yẹ kó pààrọ̀. Mo wá lọ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, irú èyí tó ń kú láàárín, kí mọ́tò lè kọ́kọ́ dúró kó tó yí padà.

Mo so mọ́tò mọ́ ẹsẹ̀ àárín, mo so bátìrì mọ́ tiwájú. Ó ku wáyà méjì tó máa kọjá lórí ara wọn lọ sí tẹ̀yìn; láìsí wọn, mọ́tò ò lè yí sẹ́yìn. Àpò mi ni wọ́n wà.

Súlìyát kígbe. Sísọ́ọ̀sì ti ya léèsì tó ń gé, níbi àyà aṣọ gan-an.

"Mo gbé! Ọkọ Mama Nkwelle, oníbàárà mi tó ni í, ló rà á kó tó kú. Irú ẹ̀ ò sí mọ́. Mama yẹn ń bọ̀ báyìí!"

Ó ki ojú ibi tó ya sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó tẹ súìṣì sẹ́yìn.

"Súlìyát, kò tíì sí wáyà níbẹ̀!"

Mọ́tò yí sẹ́yìn.

Ọ̀sán gangan ni. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò sí òwú lójú ẹ̀. Léèsì yẹn ń padé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Òdòdó ara ẹ̀ pé. Kò sí ojú rírán kankan. Mo fọwọ́ pa á.

Mo fọwọ́ kan àpò mi. Wáyà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Mama Nkwelle yọjú. "Nne, my cloth don ready?"

 Súlìyát gbé sísọ́ọ̀sì, ó ń yí i wò. Ibi tí sísọ́ọ̀sì ti sọ di líle lórí àtàǹpàkò ẹ̀ ti rọ̀ bíi tọmọ tuntun.

"Bọ̀dá Yẹ̀kínì," ó rọra bi mí, "kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Mo ti tú súìṣì yẹn wò, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Èmi ni mo so ó. Mama Nkwelle gba léèsì ẹ̀ ní pípé. Bí súìṣì yẹn ṣe dá ojú yíya padà sẹ́yìn ló dá ọwọ́ Súlìyát padà: ogún ọdún tó fi mọ iṣẹ́ bá léèsì náà lọ.