Ìṣó Méjì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọwọ́ mi ti wà lókè kí Orrin Stamm tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ẹgbẹ́ ọdẹ wa fara mọ́ òfin tuntun kan tí àwọn aṣòfin Pennsylvania ń jíròrò, pé kí ilé tí ọmọdé bá wà máa ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin. Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀tọ́ wa ni ìbọn. Bí a bá gba àgádágodo lónìí, ìbọn fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè lọ́la.

Orrin rẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ọdún la ti jọ ń dọdẹ.

"Harlan," ló wí, "ẹni tó tilẹ̀kùn ilé ẹ̀ ò tíì ta ilé."

A dìbò. Àwa mọ́kàndínlógún kọ̀. Àwọn mẹ́ta gbà.

Nílé mi, orí ìṣó méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni ìbọn Verlin ọmọ mi wà. Òun ló gbá ìṣó náà mọ́ ògiri. Ó ti pé ọdún méjì tí òkúta wó pa á níbi iṣẹ́. Marlys ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀, mo máa ń bá a níbẹ̀, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí ìbọn náà, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ti mú kí igi dán. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Verlin ti ṣèlérí fún un pé, bó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn méjèèjì máa jókòó sábẹ́ igi ńlá tó wà lókè odò lọ́jọ́ kìíní ọdẹ àgbọ̀nrín. Ó pé mẹ́rìndínlógún lọ́dún tó kọjá. Mo ní èmi ni màá mú un lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀la, orúnkún mi wú. Mo ní kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tanner, ọmọ kíláàsì Marlys, ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ṣé ìbọn lẹ gbé kọ́ ògiri yẹn ni àbí fọ́tò?"

Marlys ò dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó gbé ìbọn náà, ó kó ọta nínú dúrọ́ọ̀ tí a ń kó ṣíbí sí, òun àti Tanner sì lọ sábẹ́ igi bàbá rẹ̀. Igbó mì. Nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan kọjá.

"Àgbọ̀nrín ni," ni Tanner wí. "Yìn ín, kó tó lọ."

Marlys yìn ín. Orrin ni. Ó ń ṣẹ́gi lórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn táwọn ọdẹ ń wọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n yìn.

Ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró ìbọn náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lórí yìnyín. Orrin ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní orúnkún. Adájọ́ ò fi Marlys sẹ́wọ̀n, ó fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún méjì, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn náà lọ.

Ní ìpàdé oṣù kìíní, Orrin fi ọ̀pá abẹ́ apá rìn wọlé. Marlys bẹ̀ wá pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, bàbá mi ni mò ń wá lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo bá ìbọn yẹn ní títì ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì padà lọ sùn. Bàbá Orrin ì bá ṣì ní ẹsẹ̀ méjì."

Orrin ní ká tún ìbò yẹn dì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn wá bi mí bóyá ọwọ́ mi tó tètè ga lọ́jọ́sí ti rẹ̀ ni.

Mo gbé e sókè. Mo ní mo gbà pẹ̀lú Orrin. Mo ní ẹ̀tọ́ ni mò ń ṣọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò ṣọ́ ọmọ.

Àwa méjìlá gbà. Àwọn mẹ́wàá kọ̀. A kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn aṣòfin.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ẹ bá ń ṣàárò ẹni tó ti lọ, ẹ wí i jáde. Ẹ má fi ìbọn wá a. Àwa àgbà ní tiwa, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíì.

Ìbọn náà ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ìṣó méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.