Ilà Mẹ́ta Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ràfátù

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1997, mo rí ilà ojú nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi. Mo nu ojú máíkírósíkóòpù, mo tún wo gíláàsì tí mo fi ẹ̀jẹ̀ náà sí. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún ló ní in, ilà tínínrín mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ràfátù wà nílé wa ní Òkè-Àdó, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń bá a jà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa dáàbò bò ó ti kọjú ìjà sí kíndìnrín rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Dókítà Ajíbóyè, ọ̀gá mi, bá mi wò ó. Wọn kò rí ilà kankan.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onílàjà lò ń nàka sí yẹn, àwọn tó máa ń pẹ̀tù sí àwọn tó ń jà. Àwọn kan kọ́ iṣẹ́ yẹn láti kékeré, nínú ẹran kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà. Àwọn mìíràn, ìta ni wọ́n ti kọ́ ọ. A ò tíì mọ àmì tá a lè fi dá wọn mọ̀."

Nígbà tí mo délé, Ràfátù dìde jókòó, ó ń mu ògì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ rán màmá tó wá kí mi lọ́sàn-án?" ó rọra bi mí. "Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi láyà. Wọ́n kọ àbàjà mẹ́ta."

Kò sẹ́ni tó kọlà nínú ẹbí Ràfátù. Ìyá mi ló kọ ọ́, ìyá mi tó kú lọ́dún méjì kí n tó mọ ìyàwó mi, tó bẹ̀ mí títí pé kí n mú ìyàwó wá kí òun rí. Ìta ni àwọn onílàjà yẹn ti wá lóòótọ́. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn.

"Bí wọ́n bá tún dé," ni mo wí, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí àlejò, "bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má kánjú lọ. Ilé wọn nìyí."

Ojoojúmọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onílà ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, Dókítà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wá àwọn tí kò nílà lórí gíláàsì, àwọn tí Ràfátù gbé wáyé, títí ojú fi ń ro mí. N kò rí ẹyọ kan.

Mo wọ takisí relé. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó rẹwà lójú mi. Mo dì mọ́ ọn.

"Àdìó," ó wí, "o ti gbẹ jù. Wọlé wá jẹun."

Ìyá mi nìkan ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Omi bọ́ lójú mi.

"Ràfátù ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó fi ìka lé ètè.

"Ó ti sùn. Má pariwo."