Abala Àárín

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé yanrìn, kò mira. Ọmọbìnrin ilé tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó bu omi sínú ife, ó sáré. Ó kù díẹ̀ kí omi náà kan orí ẹni tó rò pé ó ti dákú kí ó tó lajú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí mi lára. Mò ń wò ó bóyá ilẹ̀ yìí tẹ́jú ni."

Ojú ti ọmọbìnrin náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. Ọkùnrin náà dìde jókòó, yanrìn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, ó ní nígbà tí omi ti dé, òun á kúkú mu ún. Ó mu ún tán, kò tètè dá ife padà. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ́ koríko àtọwọ́dá, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bomi rin. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ọmọbìnrin náà, ó sì ti ń bẹ bàbá rẹ̀ láti ọdún méjì pé kó jẹ́ kí òun sọ ẹ̀yìnkùlé di pápá tẹ́níìsì kékeré, kí òun lè máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé níbẹ̀; bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni. Télọ̀ ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù fún un.

Oníkoríko da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó gún un mọ́lẹ̀, ó da yanrìn lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni olùkọ́ ń gbé omi wá, yálà òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tàbí kò gbẹ ẹ́. Ó sọ ọ́ ní Dojúbolẹ̀, òun náà sọ ọ́ ní Olómi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sí èyí tó rántí ọjọ́ tó yí padà.

Ìfẹ́ wọ̀ ọ́, kí n má purọ́. Oníkoríko ní òun fẹ́ rí bàbá, kí òun tọrọ ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà délé pẹ̀lú ẹ̀rù, torí bàbá ti lé ọkùnrin kan tó wá tọrọ rẹ̀ rí nítorí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tó ń já lọ. Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná. Òun á wo iṣẹ́ náà, òun á sì fún un lésì.

Abala mẹ́ta ni koríko náà, wọ́n ká wọn bí ẹní. Irun rẹ̀ máa ń sùn sí apá kan, ó sì gbọ́dọ̀ sùn síbì kan náà lára abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lánàá pàápàá mọ èyí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tó ń tẹ́ abala àárín, Olómi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ irun rẹ̀ tán, ó jáde wá sá a sí oòrùn, ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́. Oníkoríko gbé abala náà, orí rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí ìdí wà. Ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Oòrùn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló tú àṣírí rẹ̀. Abala àárín dúdú ju àwọn méjì yòókù lọ, bí ẹni pé ilé ọ̀tọ̀ ló ti wá. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an sì ni bàbá máa wá wò ó. Oníkoríko pe Olómi, ó fi hàn án.

"Bàbá ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Olómi wí. "Da yanrìn lé e, kí o gbá a. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ìwọ náà." Omijé ti dé ojú rẹ̀.

Oníkoríko di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, àbí ta ni kò ní wọ̀ létí? Lẹ́yìn náà ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ.

"Olólùfẹ́ mi, bí mo bá fi irọ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn, ojú wo ni màá máa fi wò wọ́n?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ síbi tí abala kìíní àti ti àárín ti pàdé ni bàbá jáde sí i, ọ̀sán ò tíì pọ́n. Bàbá kò wo ohunkóhun. Òun náà kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko náà bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ kí wọ́n tó gé e. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá abala kìíní, ó dé àárín, ó dúró.

"Èyí sùn sódì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Mo fẹ́ tú u ni."

"Kí lò ń wò nígbà tí ò ń tẹ́ ẹ?"

Olómi wolẹ̀. Oníkoríko gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọmọ yín ni, Bàbá."

Bàbá ń fi ọwọ́ pa koríko náà lọ, ó ń pa á bọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun rán aṣọ àrán fún oníbàárà kan nígbà èwe òun. Irun àrán náà máa ń sùn síbì kan, ṣùgbọ́n oníbàárà yìí jókòó sí iwájú òun, ó ń kọrin, òun sì gé ọwọ́ aṣọ kan sódì. Ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ọwọ́ kan ń dán, èkejì ṣókùnkùn.

"Mo sọ òtítọ́ fún un, mo tú u níṣojú rẹ̀. Ó ní kí n má kánjú, òun á dúró dè mí." Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Olómi mọ aṣọ náà. Ó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún un rí.

"Tú u," ni bàbá wí.

Wọ́n tú u, wọ́n yí i padà. Olómi di etí kan mú, Oníkoríko di èkejì, Olómi sì kìlọ̀ fún un pé koríko ni kó tẹjú mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá tún kúnlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gba orí abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kò dúró níbì kankan. Olómi na ọwọ́ láti gbé e dìde, ṣùgbọ́n bàbá kò gbà á. Oníkoríko ni bàbá na tirẹ̀ sí.

"Ọmọ mi, gbé mi dìde."

Orí koríko yẹn ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Aṣọ àrán ìyá rẹ̀ ni ìyàwó wọ̀, ọwọ́ aṣọ náà méjèèjì sì ń dán bákan náà nínú oòrùn.